Àwòrán Tí Kò Tíì Délẹ̀

Onígbàjámọ̀ kan wà ní ìlú kan lọ́nà Ìkìrun, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé àárín wa. Orí ni iṣẹ́ rẹ̀. Orí ọmọ tuntun, orí ọkọ ìyàwó, orí arúgbó tó ń múra ọdún, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ọkọ bá kú nílé kan, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kó wá fá orí opó. Nítorí èyí, ó gbà pé kò sí ohun tí orí lè fi pamọ́ fún òun. Bí o bá ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lè wo orí rẹ lẹ́ẹ̀kan, kó ní ìyàwó rẹ ò sí nílé, tàbí kó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Àyọ̀ká fẹ́ ọmọkùnrin kan ládùúgbò òkè, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí Kánádà. Wọ́n lọ, ọdún ń gorí ọdún, a kò gbọ́ ìró ọmọ. Ìyá ọkọ yìí jẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn. Bí wọ́n bá bímọ nílé wọn, òun ni yóò gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ tí yóò máa kì í, láti orí baba ńlá tó tẹ ilé náà dó títí dé orí ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tíì là dáadáa. Àgbà ọkùnrin máa ń sunkún níbẹ̀. Àwọn tó mọ oríkì ilé náà délẹ̀ ti kú tán, ó ku òun nìkan. Gbogbo ọmọ ilé ló ti kì, ó ku kó ki ọmọ ọmọ tirẹ̀.

Bí ó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, á dúró. Á ní, "Àna mi, ẹ bá mi bi Àyọ̀ká léèrè o. Kí ni mo ń tọ́jú ẹnu yìí dè?"

Onígbàjámọ̀ á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Wọ́n ń bọ̀, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kí ohùn yín há."

Ìwọ náà á rántí bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Tẹlifóònù ìjọba, àwọn tó ní wáyà, ti kú láti ìgbà òjò kan tí a ò rántí mọ́. Èyí tí à ń kì sápò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà débi pé nígbà tí èsì bá fi máa dé, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ á ti gbàgbé ohun tó béèrè. Ni ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò bá gbé kámẹ́rà tì. Ó gbé abọ́ ńlá kan sórí òrùlé kó máa wo ojú ọ̀run, ó to kọ̀ǹpútà sínú yàrá méjì, ó ní kafé dé. Ẹ̀yìn àwọn kọ̀ǹpútà náà tóbi bí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, bí ó bá sì dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé á pariwo.

Àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń lò, ti ọ̀gá kafé ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà lókè òkun á ní kó máa kọ̀wé síbẹ̀, kó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ sókè pátápátá. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ọ̀gá kafé á ránṣẹ́ pè ọ́. Àwọn kan máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Bàbá kan wà tó dé fìlà tó wọ agbádá lọ ka ímeèlì ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò lè wọ bùbá lásán lọ pàdé ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Onígbàjámọ̀ yìí kì í wọ bàtà wọlé. Á bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, á sì kí kọ̀ǹpútà náà, "Ẹ ǹlẹ́ o," kó tó jókòó. Má rẹ́rìn-ín rẹ̀. Gbogbo wa la ṣe òmùgọ̀ tiwa.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan náà kì í yára. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì kan, o lè jẹ ẹ̀pà kún ọwọ́ tán, kí o kí ẹni tó jókòó tì ọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka ìdílé fún ara yín títí ẹ ó fi rí i pé ẹbí ni yín, kí ojú ewé náà tó ṣí. Àwòrán ló wá burú jù. Kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ hàn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, á wá máa tú wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹní tí ọ̀lẹ ń tẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, á máa retí. A ti rí i tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi àgbọn, tí ó sì parí sí ara ọmọ tó ń jẹ yìnyín dídì. Ẹni tó ti rí igi náà tó ní oko ni ọmọ wà á wá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá kafé ránṣẹ́ sí onígbàjámọ̀ pé Àyọ̀ká ti kọ̀wé, pé àwòrán wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan ló wà lórí àga rẹ̀ nígbà náà. Ó ti fá orí ọkùnrin náà dé ìdajì. Ó ju abẹ sílẹ̀, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì sáré jáde. Ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú orí tí apá kan rẹ̀ ń dán tí apá kejì rẹ̀ hù bí igbó. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó sì yọjú wò ó, á ní ó ti ya wèrè.

Ọ̀gá kafé ló ka ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò gùn. Àyọ̀ká ní, "Bàbá mi, ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ pẹ́. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí wa níbí tí mi ò lè fẹnu sọ. Ẹ wo àwòrán yìí, ẹ ó rí i fúnra yín. Ìyá ọkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún."

Ṣé ìwọ náà mọ̀ pé ohun tí a kì í fẹnu sọ nílẹ̀ wa kò pọ̀. Bí èèyàn bá kú, a kì í là á mọ́lẹ̀. A ó ní erin wó, a ó ní ilé bàjẹ́, a ó ní kí wọ́n ṣe ọkàn akin. Ó jókòó. Bàbá ò kí kọ̀ǹpútà mọ́. Ọ̀gá kafé tẹ àwòrán náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wálẹ̀.

Ògiri funfun ló kọ́kọ́ yọ. Ó pẹ́ lórí ògiri. Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó sì mọ̀ pé orí Àyọ̀ká ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi abẹ kàn án nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kò sí gèlè lórí náà. Kò sí irun dídì. Àyọ̀ká tí irun rẹ̀ máa ń kún ọwọ́ onídìrí méjì, irun náà ti lọ pátá, ó kù bí eruku lórí awọ. Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Iwájú orí wálẹ̀. Ìpéǹpéjú wálẹ̀. Ojú wálẹ̀. Ojú náà pọ́n, ó wú, omi sì wà nínú rẹ̀.

Ó dìde.

Ọ̀gá kafé ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Kò tíì dé àárín pàápàá."

"Kí ni mo tún fẹ́ rí?" Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ ló ń ya fọ́tò, èmi ló ń fárí. Bí mi ò bá mọ orí opó, ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó délẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

"Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ojú mi yìí ni mo fi rí i." Ó ti wọ bàtà òdì, ó ti wà lójú títì.

Ó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo apá kan orí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí orí mi." Kò gbọ́. Ó gbé àpò abẹ rẹ̀ kọ́ apá. Kò ro ìdí tó fi gbé e. Ilé òkú ló ń lọ, kò sì tíì lọ ilé òkú rí láì gbé àpò náà dání. Ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó rí ojú rẹ̀, ó sì dì í láṣọ mú. Ó sọ ohun tó rí fún un. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n nínú ẹkún náà ó béèrè ohun tó yẹ kéèyàn béèrè.

"Bàbá Àyọ̀ká, ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí nínú àwòrán náà ni?"

"Kò sí níbẹ̀. Òun gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú."

"Ẹ jẹ́ ká kó àgbà dání, kó tó di pé a sọ fún Ìyá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́."

Ó ní Àyọ̀ká ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Ìyá. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àbùkù ni. Ó fa aṣọ rẹ̀ gbà, ó ń lọ.

Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó gbójú sókè, ó rí àna rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò abẹ ní apá. Onígbàjámọ̀ kì í gbé àpò wá sí ilé ẹni lásán. Ó lè jẹ́ pé ìkókó wà tó fẹ́ fárí, ó sì lè jẹ́ pé opó wà. Inú Ìyá ń dùn lọ́jọ́ náà, ibi tó dára ló gbà á sí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àna mi, ta ló bímọ nílé wa tí wọn ò sọ fún mi?"

Onígbàjámọ̀ dúró sórí àtẹ̀gùn. Ó ti pète ọ̀rọ̀ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló rí sọ. Ó ní, "Àyọ̀ká ti fárí."

Ìyá dìde. Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí, ó la ẹnu láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò pe ìparí rẹ̀. Ẹnu náà yí sí apá kan, ó sì ṣubú lé ẹ̀gúsí náà. Ẹyin lọ̀rọ̀ o.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwòrán ṣì ń bọ̀ ní kafé. Kò mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti lọ. Imú ti wálẹ̀. Lẹ́yìn imú, ẹnu wálẹ̀, ẹnu náà sì ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ló wà níta. Ojú ló ti sunkún, ẹnu ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọrùn wálẹ̀, èjìká wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí ọkùnrin kan yọ níwájú rẹ̀, nítorí pé ìdúró ni Àyọ̀ká wà lẹ́yìn àga, ọkọ rẹ̀ ló jókòó. Ọkùnrin náà sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Orí itan rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ọmọ tuntun kan sí, tí wọ́n fi aṣọ òtútù wé títí dé àgbọ̀n.

Ọ̀gá kafé pariwo débi pé àwọn tó wà níwájú kọ̀ǹpútà yòókù dìde. Ó tẹ àwòrán náà sórí bébà, ó sì sáré jáde kí ó tó gbẹ. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, kò bá onígbàjámọ̀. Ọkùnrin olórí ìdajì ló júwe ọ̀nà fún un. Nígbà tó máa dé ilé Ìyá, wọ́n ti ń gbé e sínú ọkọ̀, ilé sì ti kún fún ẹkún. Ó na bébà náà sókè. Ó ń kígbe pé, "Wọ́n bímọ ni! Wọ́n bímọ ni!"

Ẹkún dúró lójijì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ló ti wò ó lọ sókè, láti ara ọmọ dé ara bàbá, láti ara bàbá dé ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì dé ojú tó pọ́n náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀gúsí.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Oyún ti bàjẹ́ lára Àyọ̀ká rí, kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èyí dúró, ó pa ẹnu mọ́ bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn pẹ́ kó tó bí, kò sì sí ẹni tí yóò bá a dirun níbẹ̀, ni ó bá ní kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀. Ẹkún tó sun, ẹkún ayọ̀ ni, àti ti àìsùn. Àṣé bí a ṣe ń dákẹ́ lórí ikú náà la ṣe ń dákẹ́ lórí oyún. Onígbàjámọ̀ mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Kò kàn dúró kó rántí ni.

Wọ́n gbé àwòrán náà síwájú Ìyá ní ilé ìwòsàn. Ó wò ó pẹ́, omi sì ń ti ojú kan jáde. Kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹnu ni kò padà.

Nígbà tí Àyọ̀ká àti ọkọ rẹ̀ máa fi rí owó ọkọ̀ òfurufú, ọmọ náà ti ń rìn. Irun orí rẹ̀ ti gùn bí ti obìnrin, nítorí Àyọ̀ká ní abẹ kankan kò gbọdọ̀ kan orí náà àfi ti bàbá òun. Ilé kún lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Wọ́n gbé ọmọ náà lé Ìyá lẹ́sẹ̀, gbogbo èèyàn sì dákẹ́ bí wọ́n ti máa ń dákẹ́. Ìyá la ẹnu. Ètè rẹ̀ mì. Ohùn kan jáde tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú, ohùn náà ló tún jáde. Ọmọ náà wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni ìyá àgbà ń bá òun ṣe. Bàbá ọmọ náà kọjú sí ògiri. Gbogbo baba ńlá ilé náà wà nínú arúgbó yẹn, wọn ò sì lè jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe onígbàjámọ̀ kó wá fá irun ọmọ. Ó pọ́n abẹ rẹ̀, ó súnmọ́ ọn. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ pe ẹlòmíràn. Ìyá ló na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára, ó gbá orí ọmọ náà mú ṣinṣin kí ó má baà mì, ó sì mi orí sí àna rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Ó fá a. Ó rọra fá a, ó yí i wò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sì dìde títí ó fi parí. Omijé rẹ̀ ló fi ń fá a, kò nílò ọṣẹ.

Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò sọ ohun tó wà lórí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àwọn tí kò mọ̀ bá ní, "Bàbá, kí lẹ rí lórí mi?" á ní, "Irun."

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o ní o rí ìyàwó rẹ nínú mọ́tò ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ó fi ìborùn bo orí, ó sì ń sunkún. O ní ojú ara rẹ lo fi rí i, ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ. Mo gbà. Onígbàjámọ̀ náà kò purọ́. Gbogbo ohun tó ní òun rí ló rí. Àwòrán ti ń yára lónìí, kí o tó mí, ó ti dé orí fóònù rẹ lódindi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèyàn ò tíì yára bẹ́ẹ̀. Òkè ló ṣì ń kọ́kọ́ yọ. Ojú tó pọ́n lo rí. Ọkùnrin wo ni? Kí ni wọ́n lọ ṣe níbẹ̀? Kí ni obìnrin náà ń pa mọ́, tí kò sì lè fẹnu sọ fún ọ? O ò mọ̀. O ò tíì dé ẹnu.

O sì ti wọ bàtà. O ní láti ibí, ilé àwọn òbí rẹ̀ ni o ń lọ, pé kí wọ́n wá kó ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ ti dàgbà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Padà sílé. Jókòó tì í, bi í, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Bí ó bá délẹ̀ tán tí ó sì burú, ilé àwọn àna rẹ ò ní sá kúrò níbi tó wà, èmi fúnra mi ni n ó sì sìn ọ́ lọ. Àpò abẹ tìrẹ, ìyẹn ìdájọ́ tí o ti gbé kọ́ apá yẹn, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí o tó dìde.